Ibi Tí Bébà Parí Sí

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Kẹrin 1987

Lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì agbègbè lówùúrọ̀, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ kan. Wọ́n ti fa ìlà pupa yí ohun tí wọ́n pè ní Haldersby àtijọ́ ká. Ohun tí ó bá wà nínú ìlà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó o, kò sì gbọdọ̀ kọ́lé tuntun sí i láìgba àṣẹ pàtàkì. Ohun tí ó wà lóde rẹ̀ kò ní ààbò. Ìlà náà gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó yí ilé ńlá ká, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì òpópónà, lẹ́yìn náà ó ré kọjá láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, gbọrọ bí etí tábìlì. Gbogbo Ìsàlẹ̀ wà lóde: ilé mẹ́rìnlá, ìsun omi, àti pápá tí ó yí ìsun náà ká. Láti ọdún tó kọjá ni kọ́lékọ́lé kan ti ń béèrè fún pápá náà. Búngálò mẹ́jọ ni ó fẹ́ kọ́ síbẹ̀, kí ó sì ti omi ìsun bọ inú páìpù.

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo fọ ife tíì mi. Lẹ́yìn náà mo lọ mú rúlà.

Kò sí abúlé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fa ìlà la àárín ilé ẹlẹ́dẹ̀ Wilf Marfleet kọjá kò wo ilẹ̀. Nǹkan mìíràn ni ó wò.

Ìṣẹ́gun, 7 oṣù Kẹrin

Mo rí i. Mo da ìlà wọn kọ sórí bébà fẹ́lẹ́ tí a lè rí òdìkejì rẹ̀, mo sì ń gbé e lé àwọn àwòrán ilẹ̀ tí mo ní ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó pẹ́ jù. Ìkẹfà bá a mu láìyẹ̀ rárá. Àwòrán inú ìwé pẹlẹbẹ tí Ọ̀gbẹ́ni Aubrey Thirlby, alága ẹgbẹ́ onítàn abúlé wa, kọ ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni.

Èmi ni mo ya àwòrán náà. Ìrọ̀lẹ́ mọ́kànlá ni mo fi yà á, orúkọ mi kò sì sí níbì kankan nínú ìwé náà. Mo ya Ìsàlẹ̀ sí i pẹ̀lú gbogbo ilé rẹ̀, títí kan Nọ́ńbà Kẹrin tí wọ́n bí mi sí. Nígbà tí ìwé jáde, wọ́n ti gé ìwọ̀n ìka mẹ́ta kúrò ní ìsàlẹ̀ àwòrán, nítorí ojú ewé kúrú. Mo rò nígbà náà pé àfojúdi lásán ni. Nísinsìnyí, akọ̀wé kan tí kò dé Haldersby rí ti gbà pé ibi tí bébà parí sí ni abúlé parí sí.

Inú ń bí mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níhìn-ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n má baà máa fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù Kẹrin

Mo lọ sí ilé Thirlby ní agogo mẹ́rin. Ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rí, ó sì ń bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀ títí di òní bí ẹni pé agogo ìsinmi ti fẹ́ lù. Mo tẹ́ àwòrán méjèèjì sórí tábìlì rẹ̀.

"Ẹ wò ó," mo ní. "Ìlà yìí kì í ṣe ìlà abúlé. Etí ojú ewé yín ni."

Ó wò ó pẹ́. Mo mọ̀ pé ó rí i, nítorí pé etí tirẹ̀ pọ́n.

"Bó ti wù kó rí, arábìnrin wa ọ̀wọ́n," ó ní, "kò ba nǹkan púpọ̀ jẹ́. Kí ló wà ní Ìsàlẹ̀ tó lọ́jọ́ lórí? Àwọn tó ń ṣe bíríkì ló kó débẹ̀ láyé bàbá bàbá mi. Ìdí ṣọ́ọ̀ṣì ni Haldersby ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé."

"Kí lẹ fi mọ̀?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì ló wà níbẹ̀."

"Omi ńkọ́? Kò sí kànga kan ní Òkè níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò jìn tó ọgọ́rin ẹsẹ̀ bàtà. Ta ló máa tẹ abúlé dó sórí ẹfun gbígbẹ, tí ìsun sì ń ṣàn nísàlẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ò rí i, ibi tí pólítẹ́níìkì tẹ́ ẹ lọ ti wúlò nìyẹn. Omi, páìpù, gọ́tà. Mi ò ní bá yín jiyàn lórí gọ́tà láé. Ìtàn ló yàtọ̀ díẹ̀."

Mo ká àwòrán mi. Mo béèrè bóyá yóò kọ̀wé sí ọ́fíìsì agbègbè pé wọ́n gé àwòrán náà. Ó ní òun kò rí ìdí tí òun yóò fi máa da àwọn òṣìṣẹ́ láàmú. Mo dúpẹ́ fún tíì tí n kò mu, mo sì rọra pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé.

Lẹ́tà náà ní ẹ̀rí tí yóò yí ìlà padà gbọdọ̀ dé ọ́fíìsì náà ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù tí ń bọ̀, ó pẹ́ tán. Ìpàdé tí abúlé yóò ti dìbò lórí ìlà náà jẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà. Àádọ́ta ọjọ́ ni mo ní.

Àbámẹ́ta, 11 oṣù Kẹrin

Mo ti tẹ ìlànà tí a ó fi wá ẹ̀rí náà nínú ilẹ̀ sí ojú ewé kan, ẹ̀dà ogún. Ihò onígun mẹ́rin ni a ó máa gbẹ́, mítà kan ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, nínú ọgbà ẹ̀yìn ilé. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá péré ni a ó gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan. A ó sẹ́ gbogbo erùpẹ̀ ìpele náà, a ó kó gbogbo àpáàdì inú rẹ̀ sínú àpò tirẹ̀, a ó kọ nọ́ńbà sí i, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìpele tó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tí yóò yan èyí tí ó lẹ́wà kí ó da ìyókù nù. Ìkòkò ń fọ́ ní gbogbo ilé, kò sì sí ẹni tí ń gbé àpáàdì rìn jìnnà. Ibi tí wọ́n bá pọ̀ sí nísàlẹ̀ jù, ibẹ̀ ni ènìyàn ti kọ́kọ́ dáná.

Rosalind Keal, ẹni tí ń mójú tó àpáàdì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kọ̀wé pé òun yóò wo gbogbo rẹ̀. Ó béèrè ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ. Mo sọ fún un. Ó ní pólítẹ́níìkì ni òun náà lọ, ẹnì kan sì ti bi òun léèrè rí bóyá òun lè tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe.

Waya asẹ́ ti di pọ́n-ùn mẹ́ta àti ogójì pẹ́ńsì fún mítà kan. Mo ra mítà méjì.

Àìkú, 12 oṣù Kẹrin

Yìnyín bọ́ lọ́sàn-án. Rúbáàbù inú ọgbà mi kò fara pa.

Ọjọ́ Ẹtì Rere, 17 oṣù Kẹrin

Ọjọ́ gbígbin ọ̀dùnkún. Mo mọ̀ pé gbogbo Ìsàlẹ̀ yóò wà nínú ọgbà wọn, nítorí náà mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìsìn pẹ̀lú ìlànà mi. Kò sí ilé tí ó kọ̀ mí. Ìjà ni wọ́n fẹ́ jà lórí ẹni tí n ó kọ́kọ́ gbẹ́ ọgbà rẹ̀.

"Ọmọ Nellie," Wilf Marfleet ní, "tèmi ni kó o kọ́kọ́ gbẹ́. Kò sí ilẹ̀ tó dà bíi tèmi láti ibí dé etíkun." Ó ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án sì ni líìkì rẹ̀, ewébẹ̀ tó jọ àlùbọ́sà, ti gba ipò kìíní níbi ìdíje agbègbè.

"Ṣé ẹ máa jẹ́ kí n gbẹ́ àárín ebè líìkì?"

Ó gbé fìlà rẹ̀ sókè, ó ronú, ó sì dé e padà. "Nítorí ìsun, ẹ̀ẹ́n. Tó bá jẹ́ Thirlby ló bẹ̀ mí ni, mi ò ní jẹ́ kó tilẹ̀ fimú gbóòórùn ẹ̀."

Àǹtí Ivy Dowse jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó kọjú sí pápá ìsun bí ó ti máa ń ṣe. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni ó ti ń wo omi yẹn.

"Wọ́n ní wọ́n fẹ́ fi omi sínú páìpù, Hester."

"Ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn, Àǹtí."

"Ó ti wà lójú oòrùn kí n tó dáyé. Kí ló dé tí wọn ò fi Thirlby sínú páìpù?"

Mo sọ fún un pé ìlànà kò gba ìyẹn láyè. Ó ní kí n tún ìlànà náà kà dáadáa.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, 20 oṣù Kẹrin

Ihò kìíní, ọgbà Wilf, láti agogo mẹ́jọ. Ilẹ̀ náà dúdú, ó rọ̀ bí kéèkì. Ní ìpele kẹta mo rí àpáàdì kan tí ó nípọn, eérú ni àwọ̀ rẹ̀, tí ìkarahun lílọ̀ hàn nínú amọ̀ rẹ̀. Ó ti pẹ́ gidigidi. Inú mi dùn fún ogún ìṣẹ́jú. Ní ìpele kẹfà, àwo aláwọ̀ búlúù ayé ìyá mi. Ní ìpele kẹjọ, ìdérí ìgò lemonéèdì, lábẹ́ rẹ̀ sì ni àpáàdì oníkarahun mìíràn.

Mo dìde lórí eékún mi.

"Wilf, báwo lẹ ṣe máa ń gbẹ́ ilẹ̀ yìí?"

"Bó ṣe yẹ. Ìjìnlẹ̀ ṣọ́bìrì mẹ́ta, lọ́dọọdún, láti ọdún tí mo gbéyàwó. Tìsàlẹ̀ á wá sókè, tòkè á lọ sísàlẹ̀. Bàbá mi náà ṣe bẹ́ẹ̀." Ó wo ojú mi. "Kí ló dé? Ṣé kò dáa ni?"

"Mi ò rí ilẹ̀ tó dáa tó tiyín rí," mo ní.

Òótọ́ ni mo sọ. Kò wúlò fún mi rárá.

Àbámẹ́ta, 25 oṣù Kẹrin

Ihò kejì, ìkẹta, ìkẹrin. Ọgbà tí ó ti gba ẹ̀bùn, ọgbà tí ó ti gba ẹ̀bùn, ọgbà tí ó yẹ kí ó ti gba ẹ̀bùn. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti yí padà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí òkèlè nínú ọbẹ̀. Àwọn àpáàdì àtijọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Thirlby yóò sọ pé wọ́n bá ìgbẹ́ màlúù wọlé láti ibòmíràn, n kò sì ní lè fi hàn pé irọ́ ni.

Wilf mú ìdérí ìgò náà láti inú àpò rẹ̀ lórí tábìlì.

"Nǹkan kékeré báyìí. Jẹ́ kí n jù ú sínú iná. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi."

"Nellie náà le báyìí," ó ní, ó sì dá a padà sínú àpò tí ó ní nọ́ńbà.

Àṣìṣe náà tèmi ni, ó sì yẹ kí n kọ ọ́ bí ó ti rí. Wọ́n fi àwọn ọgbà tí wọ́n fi ń yangàn lọ̀ mí, mo sì gbà wọ́n nítorí pé inú mi dùn sí bí wọ́n ṣe fi lọ̀ mí. Ẹni tí ń wá ilẹ̀ tí kò yí padà kò yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tí kò mọ ìsinmi.

Ọjọ́rú, 29 oṣù Kẹrin

Òjò. Mo fọ àpáàdì igba ó lé méjìlá pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló kù.

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Karùn-ún

Mo rìn yí Ìsàlẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta lówùúrọ̀, mo ń wo ọgbà kọ̀ọ̀kan lọ́nà òdìkejì: ta ni kì í ṣiṣẹ́? Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó wà, gbogbo wa ni a sì ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí a wà ní ọmọdé. Nọ́ńbà Kẹsàn-án, ilé tí ó sún mọ́ ìsun jù. Èsìsì ga dé àyà níbẹ̀. Orí kẹ̀kẹ́ ọmọ kan yọ láàárín wọn. Èmi àti Lol Padley jọ lọ ilé-ẹ̀kọ́ kan náà. Ó jókòó lẹ́yìn mi fún ọdún mẹ́fà láìṣe iṣẹ́ kankan.

Ó gbára lé géètì rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì.

"Lol, ìgbà wo lo gbẹ́ ọgbà yìí kẹ́yìn?"

"Ọgbà wo?"

"Eléyìí."

Ó bojú wẹ̀yìn bí ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. "Mi ò gbẹ́ ẹ rí."

"Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Hester, o mọ bàbá mi."

"Bàbá bàbá ẹ?"

"Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni bàbá mi ti kọ́ ọ."

N kò rántí ìgbà tí ìdáhùn ènìyàn tẹ́ mi lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀.

Wilf gbọ́ ọ láti inú ọgbà rẹ̀, ó sì wá bá wa ní géètì. "O ò lè kó àwọn ará ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wá síbí. Ìtìjú òpópónà yìí nìyí. Ogójì ọdún ni mo ti ń fa èso èsìsì ẹ̀ tu nínú líìkì mi."

"Mo ti ń sọ fún yín látijọ́ pé mò ń tọ́jú ẹ̀ ni," Lol ní.

"Fún kí ni?"

"Fún òun," ó ní, ó sì fi búrẹ́dì tọ́ka sí mi.

Àìkú, 10 oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ méjì gbáko. Àná, a gé èsìsì. Apá mi méjèèjì wú, mo sì fi omi ìsun tù wọ́n. Lónìí, ihò karùn-ún. Ojú ọjọ́ dára, ẹyẹ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti padà sábẹ́ òrùlé Àǹtí Ivy.

Ìpele àkọ́kọ́, eérú èédú àti gbòǹgbò. Ìpele kẹta àti ìkẹrin, àfọ́kù bíríkì: àwọn tí Thirlby sọ pé wọ́n tẹ Ìsàlẹ̀ dó nìyẹn, gbogbo wọn wà níbẹ̀, wọ́n sì wà lókè. Lábẹ́ wọn, àpáàdì aláwọ̀ ewé tí ń dán. Lábẹ́ ìyẹn, àpáàdì pupa tí kò dán. Ìpele kọ̀ọ̀kan mọ́ tónítóní, kò sí èyí tí ó wọ inú èkejì. Ní ìpele keje ilẹ̀ dúdú, àpáàdì oníkarahun bẹ̀rẹ̀ sí yọ, kì í ṣe ẹyọ kan: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Egungun àgùntàn. Lẹ́yìn náà ìdajì òrùka amọ̀ kan, ó tóbi tó bísíkíìtì, ó ní ihò láàárín. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, nínú amọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ìyípo dúdú kan níbi tí òpó ilé kan ti jẹrà mọ́lẹ̀.

Lol ń sẹ́ erùpẹ̀. Láti agogo mẹ́sàn-án títí di márùn-ún kò jókòó. Wilf dúró sétí ọgbà tirẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tí ń wo ẹṣin tí ń gùn àtẹ̀gùn.

Àǹtí Ivy fi ọ̀pá rẹ̀ wá wo ihò náà. Mo gbé òrùka amọ̀ sí i lọ́wọ́.

"Kí ni wọ́n fi ṣe?"

"Wọ́n ń so ó mọ́ ìsàlẹ̀ òwú lórí òfì, Àǹtí, kí òwú lè le. Ó dájú pé obìnrin ló ni ín."

Ó yí i padà lọ́wọ́. "Ó sọ ọ́ nù létí omi. Bí ìyá ẹ ṣe sọ òrùka ìgbéyàwó ẹ̀ nù létí omi kan náà, níbi tó ti ń fọ aṣọ ilé ńlá."

N kò gbọ́ èyí rí. Ìyá mi sọ fún bàbá mi pé ó wà nínú àpótí. Títí ó fi kú, inú àpótí ni ó ní ó wà.

Mo kọ ọ́ síbí; kò kan ìròyìn náà. Mo padà sílé mo sì jẹ ẹyin méjì pẹ̀lú ewébẹ̀ asparágọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ọdún yìí.

Àbámẹ́ta, 16 oṣù Karùn-ún

Rosalind Keal wá. Ó tẹ́ àpáàdì Lol sórí aṣọ, ó fi awò wo ojú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti fọ́, kò sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi.

"Ẹgbẹ̀rún ọdún àti igba," ó ní nígbẹ̀yìn. "Bóyá ó lé díẹ̀. Ó fi bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ju ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ nìyí, Míìsì Cawkwell. Tí wọ́n bá bi wá pé ṣé irú ẹ̀ ò sí ní Òkè náà, kí la máa sọ?"

"A ò tíì wò."

"Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Ọgbà mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọgbà Thirlby náà wà níbẹ̀, ó sì tóbi jù. Mo kọ̀wé sí i lálẹ́: bí ó bá tọ̀nà, abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ni ẹ̀rí náà wà, n ó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì agbègbè fúnra mi. Ihò kan ni mo ń béèrè. Gbólóhùn mẹ́ta. Mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹrin kí ó tó tutù tó.

Ìṣẹ́gun, 19 oṣù Karùn-ún

Thirlby gbà. Ó gbà kíákíá, pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ibi tó bá wù yín, àyàfi ibi òdòdó rósì."

"Mi ò fẹ́ ibi òdòdó rósì," mo ní. Mo ti kọ́gbọ́n. Mo yan abẹ́ koríko tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣọ́bìrì kàn láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà.

Ó gbé àga kékeré wá láti máa wò wá. Ní ìpele kejì ó sún àga náà mọ́ ihò. Ní ìpele kẹta ó béèrè bóyá òun lè gba asẹ́ kan. Ní ìpele kẹrin ó ti kúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò dáradára rẹ̀, ó sì rí ọwọ́ ìkòkò kan tí ó dán láwọ̀ ewé. Ó gbé e sókè síwájú oòrùn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Fún ìṣẹ́jú kan n kò rí alága ẹgbẹ́ kankan níbẹ̀.

Ìpele kẹfà, àpáàdì pupa mẹ́rin, ayé tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìpele keje, òfo. Ìpele kẹjọ, funfun.

"Ẹ tún gbẹ́ sísàlẹ̀ sí i," ó ní.

"Ẹfun nìyẹn, Ọ̀gbẹ́ni Thirlby. Kò sí nǹkan lábẹ́ ẹfun."

"Ẹ dákun, ẹ gbẹ́ ẹ wò."

Mo gbẹ́ ìpele kan sí i. Ẹfun ni. Ó jókòó lórí koríko fún ìgbà díẹ̀, àpáàdì aláwọ̀ ewé náà sì wà lórí orúnkún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tí ó yẹ kí òun kọ sórí àpò òfo. Mo ní kí ó kọ nọ́ńbà, kí ó sì kọ "òfo." Ó kọ ọ́ dáadáa. Ìfọwọ́kọ̀wé rẹ̀ lẹ́wà.

Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù Karùn-ún

Ihò keje, ọgbà tèmi. Bákan náà: kò sí ohun tí ó ṣáájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gbé ní Òkè, tí mo sì ń rò pé mo gòkè wá sí àárín abúlé.

Àìkú, 24 oṣù Karùn-ún

Ìrìn ààlà, bí a ti ń rìn ín lọ́dọọdún kí Ìgòkè-re-ọ̀run tó dé. Àlùfáà ṣáájú, gbogbo wa mú ọ̀pá igi wílò dání, a ń na òkúta ààlà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Máìlì mẹ́fà ní gígùn, ìdajì máìlì péré ní fífẹ̀. Mo ti rìn ín láti ọmọdé, n kò sì ronú rí lórí ìdí tí ilẹ̀ wa fi rí tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pín ilẹ̀ yìí fún abúlé kọ̀ọ̀kan ní òkè gbígbẹ fún àgùntàn, pápá tútù fún màlúù, àti ìsun kan láàárín méjèèjì fún ènìyàn. Bí a bá ṣẹ́ Haldersby po bí aṣọ, ibi ìṣẹ́po náà yóò bọ́ sẹ́nu ọ̀nà Àǹtí Ivy.

Mo sọ èyí fún Thirlby lójú ọ̀nà. "Ẹ fi kún ìròyìn yín," ó ní. Lẹ́yìn náà ó na òkúta tó tẹ̀ lé e le ju bí ó ti yẹ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù Karùn-ún

Mo wọ bọ́ọ̀sì agogo mẹ́sàn-án, mo sì fi ìròyìn náà lé akọ̀wé lọ́wọ́ fúnra mi. Ojú ewé mẹ́rìnlélógójì. Gbogbo ihò méje wà nínú rẹ̀, títí kan ti Wilf, títí kan ìdérí ìgò. Ó fi òǹtẹ̀ lù ú. Ó ku ọjọ́ kan.

Mo ra ẹja àti ọ̀dùnkún díndín, mo sì jẹ ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì ní ibùdó bọ́ọ̀sì, nínú oòrùn.

Ìṣẹ́gun, 9 oṣù Kẹfà

Ìpàdé ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́. Ọgọ́ta ènìyàn àti ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì agbègbè. Mo ti múra ọ̀rọ̀ tí n ó sọ sí Thirlby láti oṣù méjì sẹ́yìn. Ó wà lórí káàdì kékeré mẹ́ta nínú àpò mi, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí ènìyàn lè pè ní èébú.

N kò lò ó. Ó dìde kí wọ́n tó pè mí.

"Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn," ó ní, "mo sọ fún ẹni tó tẹ̀wé mi pé kó gé àwòrán kan kúrú kó lè bá ojú ewé mu. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òun. Ìlà tó wà níwájú yín yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti gé e. Mo mọ̀ láti oṣù Kẹrin. Mo sì ti gbẹ́ ilẹ̀ tèmi dé ẹfun, mi ò bá nǹkan kan níbẹ̀." Ó jókòó, ó sì tún dìde. "Míìsì Hester Cawkwell ló ya àwòrán náà. Ó yẹ kí orúkọ ẹ̀ ti wà nínú ìwé náà."

Mo ka ìròyìn mi. Mo gbé òrùka amọ̀ náà kiri, ó sì gba ọwọ́ gbogbo ènìyàn kọjá. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta dìbò pé kí ìlà náà sọ̀ kalẹ̀ yí Ìsàlẹ̀ àti ìsun ká; méjì lòdì sí i; méjì ti sùn. Ọkùnrin ọ́fíìsì agbègbè ní àwọn yóò gbà á, kọ́lékọ́lé náà yóò sì gba lẹ́tà. Ó ní kí a fi àwòrán tuntun ránṣẹ́ kí oṣù tó parí.

Lol gbé ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn. "Ṣé ó túmọ̀ sí pé ọgbà mi ti ní ààbò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbẹ́ ẹ?"

"Ibi tí ohun àtijọ́ wà gan-an? Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbẹ́ ẹ láìgba àṣẹ."

Lol wo Wilf. Wilf bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú fìlà.

Àbámẹ́ta, 20 oṣù Kẹfà

Ojú ọjọ́ mọ́, atẹ́gùn díẹ̀. Ọ̀dùnkún tuntun láti ọ̀dọ̀ Wilf lórí àtẹ̀gùn mi lówùúrọ̀, láìsí ìwé kankan pẹ̀lú rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ àwòrán náà ní agogo mẹ́wàá. Àwòrán ilẹ̀ Haldersby èyíkéyìí tí mo rí rí, àti èyí tí èmi fúnra mi yà, ṣọ́ọ̀ṣì ni ó wà láàárín rẹ̀. Mo fi pẹ́ńsùlù wá àárín bébà náà gan-an, mo sì fi ìsun síbẹ̀. Láti ibẹ̀ mo ya pápá, ilé Àǹtí Ivy, ilé Lol pẹ̀lú èsìsì rẹ̀, Nọ́ńbà Kẹrin, ilé ẹlẹ́dẹ̀ Wilf láìfi ìlà la á. Mo kọ orúkọ mi sínú pápá náà gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi.

Òkè wà ní etí bébà lókè pátápátá: ṣọ́ọ̀ṣì, ilé Thirlby, àti tèmi. Bí ojú ewé bá tún kúrú fún ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́, àwa ni yóò gé.